Bí Àbẹ̀kẹ́, odídẹ tó ń gé ni jẹ, ṣe gùn mí lọ́wọ́

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni mo gbé Àbẹ̀kẹ́ láti Ìwó wá sílé mi n'Íbàdàn. Odídẹ ni, èyí tí a tún ń pè ní ayékòótọ́: ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù rẹ̀ pupa bí osùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé kí ojú Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí àwọn ọmọ wọn fi wá kó wọn lọ sọ́dọ̀. Bàbá ló sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ akọ odídẹ yàtọ̀ sí abo.

Ọjọ́ kẹta ló gé mi jẹ. Mo nawọ́ wọnú kéèjì kí n pààrọ̀ omi, ló bá fẹnu mú ìka ìfábẹ̀là mi, ó sì dì í mú ṣinṣin. Mo pariwo, "Yéè!" Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí bébà tí mo tẹ́ sísàlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń ké "Yéè!" bí mo bá ti ń kọjá, ohùn mi gan-an ni. Ìgbà yẹn ló yé mi pé igbe mi ti di ohun tó ń retí.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ìyẹn tún burú jù. Ó ń fi ara lu irin kéèjì, ó ń kùn bí ajá tí wọ́n ká mọ́ kọ̀rọ̀. Àyà mi já. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, mo sì pe Bàbá.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Àbẹ̀kẹ́ yìí ò fẹ́ rí mi sójú o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé o ti wo ìrù rẹ̀ dáadáa?"

Mo ti rí i pé apá kan ṣófo. Bàbá ní nígbà tí ara àwọn ò yá, tí àwọn pẹ́ nílé ìwòsàn, ẹni tí àwọn fi sílé ń fa ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, tu, ó ń tà á. "Ọwọ́ kan á dì í mú, ọwọ́ kejì á fà á tu. Kì í ṣe ìkà, ọmọ mi. Ọwọ́ ni kò fẹ́ rí."

Gbogbo wa la mọ iyì ìkóódẹ, lórí ìyàwó òrìṣà nílé níbí títí dé Bàhíà ní Bràsíl. Ṣùgbọ́n odídẹ a máa pa ìyẹ́ dà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù, á ṣa á nílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi agbára fà, ó ń dun ẹyẹ, bó bá sì pọ̀ jù, ojú ibẹ̀ lè má hu ìyẹ́ mọ́ láé. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, n ò lè jẹun alẹ́.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko n ò nawọ́ sí i. Omi àti oúnjẹ, ìgbà tó bá wà lókè lọ́hùn-ún ni mò ń rọra tì wọ́n wọlé. Mo gbé àga síbi tó jìn sí i tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà, mo fi ẹ̀gbẹ́ kọ ọ́, mò ń ka ìwé ìròyìn sókè jẹ́jẹ́. N ò tẹjú mọ́ ọn, torí bí àṣá ṣe ń wo ẹran nìyẹn. Bí dúdú àárín ojú rẹ̀ bá ń fẹ̀ tó ń súnkì kíákíá, tàbí tí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dìde, mo ń sún àga sẹ́yìn ni. Mo gbà pé sísún sẹ́yìn yìí ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe: ó rí i pé bí òun bá sọ pé òun ò fẹ́, mo gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wádìí ohun tó fẹ́ràn jù. Mo to ẹ̀pà, àgbàdo tútù, ìbẹ́pẹ, ata rodo àti ẹyìn sílẹ̀. (Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Píà ni májèlé wọn. Mo dá èyí tí aládùúgbò mi fìfẹ́ gbé wá padà.) Ẹyìn ló kọ́kọ́ mú, lọ́jọ́ méjì léra. Bí mo ṣe yọ ẹyìn kúrò nínú abọ́ rẹ̀ nìyẹn: ọ̀dọ̀ mi nìkan ló ti lè rí i. Mo ń fi ṣíbí ìdáná gígùn nà án sí i láàárín irin. Ó ń fẹsẹ̀ gbá a mú, á máa bó o díẹ̀díẹ̀, epo á kun àgógó rẹ̀ dúdú.

Igi súyà ló kàn. Mo gé ẹnu rẹ̀ tó mú kúrò, mo fọ̀ ọ́ mọ́. Bó bá ti fẹnu kan orí igi, lójú ẹsẹ̀ ni mo ń sọ pé "Ó káre!", kí n tó fún un ní ẹyìn. Ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ pẹ́. Bó bá pẹ́, kò ní mọ ohun tí a torí ẹ̀ yìn ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi yẹn ló ń tẹ̀ lé títí tó fi jáde sórí tábìlì.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, mo tẹ́ apá mi sórí tábìlì, mo gbé igi sí òdìkejì. Bó bá fẹ́ ẹ, àfi kó gba orí apá mi kọjá. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ náà fínnífínní. Ó wá gbé àgógó rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ mi. Ó kù díẹ̀ kí n fà á sẹ́yìn. Àmọ́ mo ti mọ̀ pé ẹnu ni odídẹ fi ń dán ẹ̀ka wò kó tó gùn ún, pé bí ẹ̀ka bá mì, ńṣe ló máa dì í mú. Mo mú ọwọ́ dúró gbọn-in. Mo gbọ́ ahọ́n rẹ̀ gbígbẹ lára mi. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà tí mo sọ pé "Ó káre," ohùn mi gbọ̀n.

Ó ṣì tún gé mi jẹ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi já wọlé lójijì. N ò ké. Mo rọra gbé e sílẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i díẹ̀, mo sì padà sí ti ṣíbí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé kí n wá ọmọ odídẹ tí kò tíì mọ nǹkan kan. N ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí wọ́n ti kó wọn tán nínú ọ̀pọ̀ igbó. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí tó mi í tọ́jú.

N kì í fọwọ́ kan ìrù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ìkó kan ti jábọ́ fúnra rẹ̀ sórí bébà. Àbẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó fẹnu gbé e, ó fẹsẹ̀ mú un, ó sì ń fi ìdí ìkó náà họ ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ò wọlé títí ó fi ṣe tán.