Kí Ẹ Tó Fún un ní Ìràwọ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Èrò Ẹni Lórí Dark Matter

Gbólóhùn méjì ló kún inú èrò àwọn òǹkàwé lórí Dark Matter, ìwé ìtàn àròsọ tí Blake Crouch, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2016. Àwọn kan á ní àwọn ò lè gbé e sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ ò dúró. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń rò ó bóyá kóun náwó sí ìwé náà kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Kí ló dè yín mọ́ ìwé tẹ́ ẹ ò fi lè gbé e sílẹ̀? Apá wo nínú sáyẹ́ǹsì náà ló wó?

Ìtàn ayé púpọ̀, ìyẹn ìtàn tí ayé bíi tiwa ti pọ̀ lọ súà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi nǹkan kan yàtọ̀ sí èkejì, ní ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tàbí ìtàn ìfẹ́: òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń ṣòfin ìrìnnà. Ta ló lè kọjá láti ayé kan sí òmíràn? Kí ni yóò ná an? Ta ló ń yan ibi tí yóò já sí? Ṣé ọ̀nà àbọ̀ wà? Èrò tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí, tó sì sọ bóyá òǹkọ̀wé pa òfin ara rẹ̀ mọ́, ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kà á lọ́wọ́

Ìwé yìí ń sáré. Tí ẹ bá ní ó di ìgbà tí ẹ bá parí rẹ̀ kí ẹ tó kọ nǹkan sílẹ̀, òfin tí wọ́n sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ á ti pòórá lọ́kàn yín kí ẹ tó dé ibi tó ti wúlò. Ẹ mú abala ìwé kan, ẹ pín in sí òpó mẹ́rin: ojú ewé, òfin, ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti ṣẹ tàbí tó ti yẹ̀. Òpó kẹta lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ, torí pé ohun tí ẹ̀dá ìtàn kan rò kì í ṣe òfin. Òun náà lè ṣìnà. Bí ẹ bá ń kà á lórí fóònù, ẹ má ṣe gbára lé nọ́ńbà ojú ewé, torí pé bí ẹ bá ti mú lẹ́tà tóbi ló máa yí padà. Nọ́ńbà orí ìwé ni kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yẹ kó wà lórí abala yẹn bí ẹ bá ti kọjá ìdajì ìwé díẹ̀. Jason Dessen, olú ẹ̀dá ìtàn, ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Chicago. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Daniela, ọmọkùnrin wọn ń jẹ́ Charlie. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jáde lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn ńlá yọ̀. Bó ṣe ń padà bọ̀, ẹni tó dé ìbòjú na ìbọn sí i, ó gbé e lọ. Nígbà tó jí, ó rí i pé wọ́n mọ òun sí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó lókìkí, Daniela kì í ṣe aya òun, wọn ò sì bí Charlie rárá. Ibi tí ẹ̀yìn ìwé náà sọ fún gbogbo ayé dé nìyẹn.

Òfin ibẹ̀ wá rèé. Àpótí ńlá kan wà tí èèyàn máa wọ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ oògùn kan, oògùn náà kì í sì í pẹ́ lára. Bó bá ti mú un, inú àpótí á di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò lópin, ilẹ̀kùn ní ọ̀tún, ilẹ̀kùn ní òsì, ayé kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò oògùn tó wà lọ́wọ́ níye. Èyí tó kẹ́yìn, tó sì jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀: ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ló ń pinnu irú ayé tó máa bá níbẹ̀, yálà ó mọ̀ pé ó wà lọ́kàn òun tàbí kò mọ̀.

Ẹ máa wá mú wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti iye oògùn: ṣé ìwé ń ka èyí tó kù fún wa, àbí ó gbàgbé rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá wù ú kó tán? Ó ń kà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti máa ń sọ pé àyà àwọn ń já láìmọ ohun tó ń já a. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú èrò yín pé kíka ìgò ló mú ìdajì ìwé yẹn gbóná, ẹ ti sọ ohun tí gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ò lè sọ láé. Ti ọkàn ẹni tó ṣílẹ̀kùn nira díẹ̀. Bí èèyàn méjì bá jọ dúró níwájú ilẹ̀kùn, tí ọ̀kan ń bẹ̀rù tí èkejì ń ronú ilé, ọkàn ta ló ń darí? Ẹ ka àwọn ìran tí Jason àti Amanda, dókítà ọpọlọ tó bá a rìn, ti jọ ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ fi òpó kẹrin yín dáhùn.

Sáyẹ́ǹsì: ibi tí èrò ti máa ń fọ́

Ẹni tó bá máa bu ẹnu àtẹ́ lu físíìsì inú ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ní 1935, Erwin Schrödinger, onímọ̀ físíìsì, fi ológbò inú àpótí ṣe àpèjúwe: bí òfin kúáńtọ̀mù bá ṣiṣẹ́ lórí ohun ńlá bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí átọ́ọ̀mù, ológbò náà á wà láàyè, á sì tún kú, títí ẹnì kan á fi ṣí àpótí. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Ní 1957, Hugh Everett, akẹ́kọ̀ọ́ ní Princeton, ní kò sídìí fún ká máa sọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì, ìyẹn ààyè tàbí òkú, pòórá: méjèèjì ṣẹlẹ̀, àwa tó ń wò ó la pín. Àpótí ológbò yẹn ni Crouch sọ di ńlá tó fi gba èèyàn.

Látibí, ohun mẹ́ta ló wà tí àwọn òǹkàwé máa ń dà pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Nínú ìṣirò Everett, bí ayé bá ti pín, kò sọ́nà láti ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìwé yìí ní ọ̀nà wà. Àṣìṣe kọ́ nìyẹn o. Yíyá ni òǹkàwé yá òǹkọ̀wé. Láìsí i, kò sí ìtàn. Ẹni tó bá yọ ìràwọ̀ (máàkì tí òǹkàwé ń fún ìwé, tó parí sí 5) nítorí èyí dà bí ẹni tó lọ wo eré ọdẹ aláròsọ, tó wá ń bínú pé ẹkùn ń sọ̀rọ̀.

Ti kejì yàtọ̀. Ìwé ní ọpọlọ wa tó ń wo nǹkan ló ń fún ayé ní ojú kan ṣoṣo, pé oògùn náà ló ń pa apá ọpọlọ yẹn lẹ́nu mọ́. Nínú físíìsì, "wíwò" kò nílò ọpọlọ. Hóró afẹ́fẹ́ kan tó kọlu nǹkan ti wò ó. Ìtànṣán iná kan tó kàn án ti wò ó. Àpótí náà lè dí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ìta, ṣùgbọ́n ara èèyàn gbóná, àwọn átọ́ọ̀mù inú ara náà ń gbún ara wọn láìdúró, wọ́n sì jọ wà nínú àpótí náà ni. Ibí gan-an ni sáyẹ́ǹsì ìwé náà ti ṣẹ́. Tí ẹ bá ní kò dúró, ibí ni kí ẹ fọwọ́ tọ́ka sí.

Ní ti pé ọkàn èèyàn ló ń darí ilẹ̀kùn, kò sí físíìsì kankan nídìí rẹ̀, òǹkọ̀wé náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ díbọ́n pé ó wà. Ìtàn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ṣé àwọn ayé tí wọ́n já sí bá ohun tó wà nínú Jason lásìkò náà mu? Nípa tèmi, wọ́n bá a mu ju bí a ṣe ń gbà fún ìwé náà lọ.

Àwọn òǹkàwé Yorùbá máa ń fẹ́ fi àkúdàáyà wé ọ̀rọ̀ yìí. Ó wuni, àmọ́ kò wọlé. Àkúdàáyà ti kú níbì kan kó tó lọ ṣe ayé níbòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ó kàn ṣípò ni, bí ará ìlú rẹ̀ bá sì yọ lójijì, á fẹsẹ̀ fẹ. Jason ò kú níbì kankan, òun àti èkejì rẹ̀, ìyẹn Jason ti ayé mìíràn, jọ wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan ilé wá, àkúnlẹ̀yàn lèyí tó máa mú ìwé náà sọ̀rọ̀: bó bá jẹ́ pé orí kan náà ni gbogbo Jason yàn, kí ló dé tí ọ̀kan fi gbẹ́sẹ̀ sápá ilé, tí èkejì fi gbẹ́sẹ̀ sápá iṣẹ́? Gbólóhùn kan tó fa ìyàtọ̀ yẹn yọ ti tó, kó má lọ gba ojúlé ìwé lọ́wọ́ onílé.

Ọ̀nà ìsọ̀tàn, àti Daniela

Ojúmi-ló-ṣe ni, Jason ló ń sọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ìran tí kì í ṣe ojú Jason la fi rí i kò pọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni, ìpínrọ̀ mìíràn ò sì ju ọ̀rọ̀ mélòó kan. Àwọn kan ní ó ń mú kí ọkàn àwọn sáré. Àwọn kan ní òfìfo ojú ewé làwọn rà. Ẹ má ṣe kọ "ó rọrùn láti kà" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ṣí ojú ewé kan láàárín ìwé, ẹ ka iye gbólóhùn tó dá dúró bí ìpínrọ̀, kí ẹ kọ iye náà. Kí ẹ sì sọ bóyá ẹ kà á ni tàbí ẹ gbọ́ ọ, torí pé ẹni tó fi etí gbọ́ ọ kì í rí òfìfo yẹn rárá.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé Daniela dà bí ẹ̀bùn tí ọkùnrin ń dù. Ẹ̀sùn náà yẹ ní gbígbọ́, àmọ́ ẹ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ wá àwọn ìran tí Daniela ti ṣe ìpinnu tó yí ìtàn padà láìjẹ́ pé Jason ló tì í sí i. Bí ẹ bá rí méjì, ẹ kọ méjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Amanda náà, kí ẹ wo iye ewé tí ìwé fún un nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí. Èmi rò pé ẹ̀sùn àìrí-àyè-tó bá ti Amanda mu ju ti Daniela lọ.

Ṣọ́ra fún títú àṣírí

Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé kò sí àṣírí nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án láìkọ ìkìlọ̀ síwájú. Goodreads, ìkànnì tí àwọn òǹkàwé ti ń kọ èrò wọn lórí ìwé, ní àyè láti bo apá kan èrò mọ́lẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ kà á á fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ lò ó. Èyí tó le ni bí a ṣe ń yin ìgbẹ̀yìn láìtú u. Ẹ wo èyí:

"Ìwé yìí dùn gan-an, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ya wèrè. Ìràwọ̀ 4."

Kò tú nǹkan kan, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ tún un kọ báyìí:

"Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ò mú ohun tuntun wọlé, òfin tí wọ́n ti sọ tipẹ́ ló tẹ̀ lé dé ibi tí mi ò retí. Mo yọ ìràwọ̀ kan nítorí pé físíìsì wíwò yẹn ò dá mi lójú, àti pé Amanda parí lójijì."

Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò tíì kà á kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ òfin náà kún un, ẹ ti tú u.

Ìràwọ̀ àti gígùn

Ẹ kọ èrò kí ẹ tó fún un ní ìràwọ̀. Tí ẹ bá ti tẹ ìràwọ̀ 5 ná, ọwọ́ á máa wá ẹjọ́ tó máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀, torí pé eré ìwé yìí máa ń gbé èèyàn lọ, ihò inú rẹ̀ kì í hàn àfi bí ara bá rọlẹ̀. Goodreads ò gba ìdajì ìràwọ̀. StoryGraph, ìkànnì òǹkàwé mìíràn tí Nadia Odunayo dá sílẹ̀, gba ìdá mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó wà láàárín 3 àti 4 lè fi í sí 3.75 níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 250 sí 400 tó. Ẹ má ṣe lò ju ìpínrọ̀ kan lọ láti sọ ìtàn náà. Ẹ̀yìn ìwé ti sọ ọ́.

Fíìmù rẹ̀, eré alápá-púpọ̀, ti jáde lórí Apple TV+ ní 2024, apá 9 ní ìpele àkọ́kọ́, pẹ̀lú Joel Edgerton àti Jennifer Connelly. Ó fún Daniela láyè ju ìwé lọ. Bí ẹ bá ti wò ó, ẹ yẹ èrò yín wò: ìran tí Jason ò sí níbẹ̀ tí ẹ rántí dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú fíìmù lẹ ti rí i. Ẹ lọ wá a nínú ìwé kí ẹ tó yin òǹkọ̀wé fún un.

Ohun tí ẹ máa wò kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ rèé: ìwé mìíràn wà tó ń jẹ́ Dark Matter, ti Michelle Paver, 2010, ìtàn iwin inú yìnyín ìhà àríwá ayé. Ó rọrùn láti ṣèèṣì kọ èrò yín sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo orúkọ òǹkọ̀wé lókè kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.