Orí kan náà, ìrù ọ̀tọ̀: bí ẹ ó ṣe ya àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra sọ́tọ̀

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: àmì ohùn ló yà wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ni ìyàtọ̀ sábà máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ka lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó sì fò kọjá, mortuary ni yóò béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bánkì nígbà tó jẹ́ mortgage ló ń wá.

Ẹ mú ìwé pélébé kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà sábẹ́ ara wọn, kó má ju mẹ́rin lọ, nítorí ìkarùn-ún ló máa ń da ìyókù rú. Ẹ fi àtàǹpàkò bo ibi tó jọra, kí ẹ ka ìyókù sókè: -gage, -uary, -ality, -ar. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, gbólóhùn kan péré. Mortgage: owó tí bánkì yáni, tí a fi ilé dógò fún un. Mortuary: ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Mortality: bí àwọn èèyàn ṣe ń kú sí níbì kan. Mortar: odó; iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà pò pọ̀ náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ikú wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ lóòótọ́; Faransé àtijọ́ ló bí mortgage, "ìdógò òkú" ni. Ṣùgbọ́n mortar kò sọ ti ikú, ọ̀rọ̀ Látìn fún odó ló ti wá. Ẹ má ṣe tìtorí pé orí jọra kí ẹ máa méfò ìtumọ̀. Ẹ ṣí atúmọ̀ èdè.

Council, counsel àti consul ló ń yọ ará Àbújá lẹ́nu jù. Council ni ìgbìmọ̀. Area council 6 ni Àbújá ní níbi tí ìpínlẹ̀ ti ń ní ìjọba ìbílẹ̀, láti Bwari títí dé Abaji. Counsel ni ìmọ̀ràn, tàbí lọ́yà tó dúró fún èèyàn ní kóòtù. Ẹ fi s inú rẹ̀ rántí "sọ̀rọ̀". Bí lọ́yà bá di méjì, two counsel náà ni, a kì í fi s kún un. Consul kò ní lẹ́tà u lẹ́yìn lẹ́tà o rẹ̀: òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó ń rí sí físà àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ni. Ẹni tó kọ "Area Counsel" sórí lẹ́tà, lọ́yà àdúgbò ló kọ̀wé sí.

Ti ten- kò le. Tenant ni ayálégbé, tenement ni ilé, tenure ni iye àkókò tí èèyàn fi wà lórí ipò tàbí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn fún dídi nǹkan mú ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Tender, ìwé tí agbaṣẹ́ṣe fi ń díje fún iṣẹ́, ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn ló ti wá.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ní kí ẹlòmíràn ka ìtumọ̀ Yorùbá, kí ẹ̀yin kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá kọ dáadáa nìkan ni kí ẹ gbé lọ sórí ìwé tuntun.