Bí Mo Ṣe Jókòó Ti Ọ̀rẹ́ Mi Títí Wọ́n Fi Parí Pe'a Rẹ̀

Ìlú Auckland ní New Zealand ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Sàmóà, ti jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó fẹ́ lọ gba pe'a, fínfín ara ti ilẹ̀ wọn, ní erékùṣù Upolu ní Sàmóà, níbi tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ, nítorí pé ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní í máa ń yí ẹni tí wọ́n ń fín ká, tí wọn yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, tí wọn yóò sì máa kọrin fún un. Ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni wọ́n ní kí n jókòó sí, kí n sì máa wẹ ojú egbò fún un ní ìrọ̀lẹ́.

Pe'a ni fínfín ọkùnrin Sàmóà, láti ìbàdí títí dé orúnkún. Obìnrin ní tiwọn, malu, tí kò ki tó o. Tufuga, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ náà, ni ó ń fín in. Irinṣẹ́ rẹ̀, 'au, dà bí òòyà kékeré tí eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n so mọ́ igi. Eyín gígùn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́. Irin ni ti tufuga wa, kí ó lè ṣeé fọ̀ mọ́ dáadáa. Ó ń rì í bọ inú tàdáwà, ó ń gbé e lé awọ ara, ó sì ń fi ọ̀pá kékeré lù ú, kó-kó-kó, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fa awọ náà le, tí wọ́n sì ń nu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdodo ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ọwọ́ mi kò lágbára lára egbò náà. Màmá ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ibi tí ó wú: “Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọmọ mi. Bí o bá ń ṣàánú rẹ̀ báyìí, yóò wú ju báyìí lọ lọ́la.” Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí omi inú rẹ̀ sì ń jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀rẹ́ mi ní òun kò lè mọ́. Gbogbo ilé dákẹ́, nítorí pé pe'a tí wọn kò parí, pe'a mutu, ìtìjú ni fún ẹni náà àti fún ìdílé rẹ̀ títí ayé. Èmi tí wọn kò kọ ilà fún, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo sọ fún un nípa ìyá bàbá mi, tí ó ní pélé lójú àti fínfín lápá, tí ó máa ń wí pé bùjé a máa ṣí, ṣùgbọ́n fínfín òun yóò bá òun wọlẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n dé Sàmóà ní ọdún 1830 gbógun ti pe'a, síbẹ̀ wọn kò rí i pa rẹ́. Ní ìdílé tiwa, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni ilà dópin, ó sì ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ mi tán, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ní kí tufuga máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ tí ó parí, wọ́n fọ́ ẹyin sí i lórí, wọ́n sì fi òróró pa á lára. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún gbé omi wá, nítorí pé egbò náà kò tíì jinná.