Wáyà róòpù tó ń tú lẹ́nu, tó sì ń yọ̀ nínú kílípù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wáyà róòpù wínṣì tí a fi ń wọ́ mọ́tò ni mo fẹ́ gé kúrú, ti mílímítà 10. Bí mo ṣe fi kátà já a báyìí, ẹnu rẹ̀ fọ́n ká bí ìgbálẹ̀ tó já lókùn. Kò wọ ihò mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kò dì í kí ẹ tó gé e ni. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n lọ́ di fọ́nrán, wọ́n sì tún lọ́ fọ́nrán (mẹ́fà ló wọ́pọ̀) yí ọkàn àárín ká. Bí ẹ bá ti já a, kálukú á fẹ́ nà padà. Ẹ wá wáyà ìdè, irú èyí tí àwọn tó ń di irin òpó ilé ń lò, ẹ wé e mọ́ róòpù típẹ́típẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ibi tí ẹ fẹ́ gé. Kí fífẹ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan má dín sí ìbú róòpù fúnra rẹ̀. Ẹ fi pílíásì lọ́ ìparí rẹ̀ kó le, kí ẹ wá gé e láàárín ìdì méjèèjì. Fún róòpù tín-ín-rín, téèpù tó nípọn náà á ṣe é.

Ti kátà náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń já àgádágodo, ṣe ló máa ń tẹ róòpù pẹẹrẹ kó tó gé e. Ojúlówó kátà wáyà róòpù, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, ó máa ń gbá róòpù mọ́ra. Bí ẹ kò bá ní in, máṣíìnì fáìlíǹgì pẹ̀lú díìsì ìgérin tó fẹ́lẹ́, ti mílímítà 1, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú apá méjèèjì dáadáa, torí èyí tó bá já lè ta sókè bá yín lójú. Ẹ wọ gọ́gù, kí ẹ sì gbé bẹntiróòlù jìnnà: gírísì àti ọkàn tí wọ́n fi okùn ṣe nínú róòpù mìíràn lè gbaná, kó máa jó lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Wẹ́dà àdúgbò wa ní kí òun fi gáàsì gé e, pé ẹnu rẹ̀ á yọ́ pọ̀.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, kò ní tú. Ṣùgbọ́n iná yẹn á ba agbára wáyà tó wà nítòsí jẹ́, nítorí náà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹrù rárá. Èéfín síńkì tó wà lára róòpù náà sì máa ń fa òtútù àti ara gbígbóná lálẹ́. Àìmọye wẹ́dà ló ti lo oògùn ibà sí i lásán.

Ìbéèrè: Mo ti gé e, mo ká a lójú, mo fi kílípù méjì dè é. Nígbà tí ẹrù wọ̀ ọ́, ó yọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí gàárì kílípù dojú kọ. Kílípù ní irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ó sì ní gàárì tí nọ́ọ̀tì méjèèjì ń dè mọ́ ọn. Orí apá tó ń gbé ẹrù ni gàárì gbọ́dọ̀ jókòó sí, kí irin U wà lórí ìrù tí ẹ ṣẹ́ padà. Irin U máa ń jẹ wáyà lára. Bó bá jẹ apá tó ń gbé ẹrù, ibẹ̀ ni yóò ti já. Àwọn kan máa ń gbé ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, pé ó dọ́gba. Kò dọ́gba o. Ọ̀nà kan náà ni kí gbogbo wọn kọjú sí.

Fún mílímítà 10, mẹ́ta ni mo máa ń lò, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ńtímítà 6, kí ìrù sì gùn tó sẹ̀ńtímítà 20 ó kéré tán. Ẹ fi thimble, irin olójú tó ní kòtò yípo, sínú ojú okùn. Kílípù tó sún mọ́ òpin ìrù ni ẹ óò kọ́kọ́ dè, lẹ́yìn náà èyí tó sún mọ́ thimble, lẹ́yìn náà ti àárín. Lẹ́yìn tí ẹrù bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà fún nọ́ọ̀tì, nítorí róòpù máa ń tín-ín-rín sí i bí ó bá nà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé, tí wọ́n á sì dá kílípù lẹ́bi.

Bí ẹ tiẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára róòpù ló kù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ta á ní kókó, ó lè dín kù sí ìdajì. Kílípù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n yọ́ irin dà sì wà fún wáyà òpó àti ọgbà. Ẹ má fi í gbé ẹrù sókè.

Ìbéèrè: Wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ bó rọ́bà kúrò níbi tí kílípù máa dì mú, kí ẹ sì ra kílípù tó bá ìwọ̀n wáyà inú rẹ̀ mu.

Ìbéèrè: Wáyà stainless ló so pọ́ǹpù kànga wa mọ́lẹ̀. Òrùka alumíníọ̀mù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lójú ti ń yọ ìyẹ̀fun funfun.

Ìdáhùn: Irin méjèèjì kò bára wọn gbé nínú omi, alumíníọ̀mù ló ń jẹ tán. Òrùka bàbà tàbí ti stainless ni kí ẹ lò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Òòlù kọ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni róòpù wínṣì yẹn di jíjù nù?

Ìdáhùn: Ẹ fi àkísà, kì í ṣe ọwọ́ lásán, fà á láti òkè délẹ̀, ibi tó bá gbá a mú, wáyà ti já níbẹ̀. Ẹ wo gígùn tí fọ́nrán kan fi yí róòpù po lẹ́ẹ̀kan: bí wáyà 6 bá ti já nínú rẹ̀, tàbí 3 lára fọ́nrán kan ṣoṣo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ kan má baà wá ṣà á padà láti fi wọ́ mọ́tò.