Kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ èrò l'Abẹ́òkúta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Láfẹ́ńwá ni mò ń gbé, Òkè-Ìlewó ni iṣẹ́ mi wà. Tí mo bá fi máa gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ láàárọ̀, òógùn á ti bò mí, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Ṣé kí n pa á tì ni?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á tì o. Odò Ògùn ló wà ní Láfẹ́ńwá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ọ̀nà tó bá wọ àárín ìlú láti ibẹ̀, òkè ló ń gùn. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ láàárọ̀, kí ẹ gùn ún bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá ń sọ̀. Nínú ìlú wa yìí, òkè ló ń tánni lókun ju jíjìn lọ. Ọkọ̀ ni kó gun òkè.

Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, ẹ ka eyín irin tí ṣéènì ń yí lé, níwájú àti lẹ́yìn. Tí ti iwájú bá jẹ́ 44, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 16, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí ní ìgbà 2.75. Ìyẹn le jù fún òkè. Ẹ ní kí oníkẹ̀kẹ́ fi fíríwíìlì (irin eléyín ti ẹ̀yìn) eyín 22 sí i, á di ìgbà 2 péré. Ṣéènì àtijọ́ lè má tó mọ́, nítorí náà ẹ ra èyí tó gùn jù ú lọ, kí ó gé e síbi tó yẹ.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí mo ti ń gbé kẹ̀kẹ́ mi sí bọ́ọ̀tù táàsì lọ sí Kútọ̀ ni ṣéènì ti ń fò, tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ṣéènì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀bi ṣéènì kọ́. Bí wọ́n ṣe tẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn sínú bọ́ọ̀tù ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni apá jíà wà, ìyẹn irin ẹ̀yìn tó ń gbé ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá dojú ọ̀tún kọlẹ̀, tí àpò gàrí ẹlòmíì tún gorí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré tó so apá jíà mọ́ férémù á tẹ̀ wọnú. Bó ṣe mìlímítà díẹ̀ ló tẹ̀, ṣéènì á máa ṣi eyín mú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wò ó. Àwọn róólà kékeré méjì tó wà lára apá jíà gbọ́dọ̀ tò lóòró gbọnrangandan lábẹ́ jíà. Tí ti ìsàlẹ̀ bá ń yọ́ lọ sídìí sípókù, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tíì fọwọ́ kan àwọn ìdè kéékèèké tó ń ṣètò jíà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ ki Allen key 5 mm bọ ìdè tó mú apá jíà, ẹ fi ọwọ́ kan di táyà mú, kí ẹ rọra fa á síta, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Tó bá jẹ́ irin gidi, á gbà. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí yóò kán. Kí ó tó dára, ẹ má fi ṣéènì sí jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù: apá jíà lè ki ara bọ sípókù lójijì, kó sì fọ́ táyà mọ́ yín lábẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ tó gbé e wọ bọ́ọ̀tù, tí apá jíà bá ti dára, ẹ fi ṣéènì sí jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù, kí apá jíà lè sá sínú. Ẹ tú wáyà bíréèkì iwájú, ẹ fi súpánà 15 yọ táyà iwájú, kí ẹ fi igi tó gùn ní 10 sẹ̀ǹtímítà há ẹnu fọ́ọ̀kì. Òsì ni kó kọ ilẹ̀. Tó bá jẹ́ bíréèkì onídíìsì (àwo irin tó ń bá táyà yí), ẹ fi páálí há àárín páàdì, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ bíréèkì ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Awakọ̀ ń bínú tó bá ti rí kẹ̀kẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ bá a dá owó ẹrù kí ọkọ̀ tó kún. Ẹ ti tú táyà iwájú kalẹ̀ kó tó dé, kí ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì tó mọ́ wé ṣéènì. Gíríìsì lára ìjókòó ló ń bà wọ́n lẹ́rù, òótọ́ sì ni.

Ìbéèrè: Bíréèkì mi dáa ní ilé, àmọ́ bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo sì kọjú sí ìsọ̀kalẹ̀, kò mú mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ fọwọ́ ra ríìmù. Tó bá ń yọ̀, ọ́ìlì tó kán sínú bọ́ọ̀tù ló ti gbà á. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ríìmù, ẹ fi sáńpépà ha ojú rọ́bà bíréèkì títí dúdú tó ń dán á fi lọ. Tó bá ti jẹ títí tí ìlà tó wà lára rọ́bà kò hàn mọ́, ẹ ra òmíràn. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa tú u, tọwọ́ méjèèjì. Títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá ló ń mú un gbóná.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ wọ reluwé lọ Èkó.

Ìdáhùn: Èyí tó ń ṣẹ́ pọ̀ ni kó jẹ́, onítáyà ínǹṣì 20. Ibùdókọ̀ ojú irin Wọlé Ṣóyínká wà ní Laderin, lẹ́yìn ìlú, nítorí náà kẹ̀kẹ́ wúlò láti débẹ̀ àti láti padà. Ẹ béèrè lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣẹ́ ẹ níta, ẹ kó o sínú báàgì, má jẹ́ kí pẹ́dààlì yọ ojú. Lẹ́nu ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alagomeji, ẹ tú u, ẹ yẹ ìdè ibi tó ti ń ṣẹ́ wò pé ó ti há dáadáa, kí ẹ tó jókòó lé e.