Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Kò Bá Rí Àdírẹ́ẹ̀sì Gbà

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ àti àwọn ìdílé tó ń lo sáfà Linux, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán

Àsìkò tí a bá ń wọn kajú ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni jù. Àpò ti kún iwájú ọ́fíìsì, àwọn tó ti oko wá ti tò sídìí òṣùwọ̀n, akọ̀wé wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò rí ìwé owó ẹgbẹ́ ṣí. Iná wà, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ fún àwọn yòókù, ń kùn ní kọ̀rọ̀ yàrá, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà lóun ò mọ ibi tí sáfà wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe nígbà náà ni pé a ó pa gbogbo ẹ̀rọ, a ó tún wọn tàn. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an lewu wà, torí àrùn náà kò lọ, ó kàn fara pamọ́ ni. Mo kọ ìwé yìí kí ẹ lè wádìí rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ má baà dúró de ẹni tí yóò ti Ìlọrin wá.

ILẸ̀ YÍYÁ NI

Ẹ̀yin tí ẹ ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà kan kò lè bá òmíràn sọ̀rọ̀ bí kò bá ní àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn, bíi 192.168.10.25. Èèyàn lè máa fọwọ́ kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti ń pọ̀, ẹ̀rọ méjì á bá ara wọn lórí nọ́ńbà kan lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé pínpín rẹ̀ lé sáfà lọ́wọ́. DHCP ni wọ́n ń pe ètò náà. Ọdún 1993 ni ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, èyí tí a ṣì ń lò fún irú àdírẹ́ẹ̀sì yìí jáde ní 1997.

Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á ké sí gbogbo agbo ilé pé, “Ta ni onílẹ̀ níbí o?” Sáfà á dáhùn pé, “Èmi ni, ilẹ̀ kan nìyí.” Ẹ̀rọ á ní, “Mo fẹ́ ẹ, ẹ fún mi.” Sáfà á ní, “Máa lò ó lọ títí di àkókò báyìí.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà nìyẹn. Nínú àkọsílẹ̀ sáfà, ẹ ó rí wọn ní lẹ́tà ńlá: DHCPDISCOVER, DHCPOFFER, DHCPREQUEST, DHCPACK. Bí ẹ bá rí ti àkọ́kọ́ tó ń tún ara rẹ̀ sọ láìrí èkejì, ẹ̀rọ ń ké, onílẹ̀ kò dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ti àkókò yẹn. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti lọ, ẹ̀rọ á padà tọ sáfà lọ pé kó sún òun síwájú, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ kí ọdún tó yípo. Bí sáfà kò bá sí nílé, ẹ̀rọ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Á máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí àkókò á fi tán. Nítorí náà, sáfà lè kú láàárọ̀, kó tó ìrọ̀lẹ́ kí ọ́fíìsì tó mọ̀. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá pẹ̀lú, kì í ṣe ti òní nìkan: ta ló fọ yàrá, ta ló tún waya ṣe, ìgbà wo ni wọ́n mú iná lọ?

TA LÓ FÚN UN?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sáfà rárá, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń jìyà. Bó bá jẹ́ Linux, ẹ tẹ:

ip addr

Bó bá jẹ́ Windows, ẹ ṣí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ:

ipconfig /all

Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó gbé jáde. Bó bá jẹ́ ti ìdílé yín, ìyẹn ni pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ti sáfà yín mu, tó sì jẹ́ pé sáfà yín ló fún un, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́dọ̀ DHCP mọ́, ẹ wá a síbòmíràn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ náà ké títí, kò rí ẹni dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ̀rọ Linux mìíràn kò ní fún ara rẹ̀ ní nǹkan kan, òfìfo lẹ ó rí. Ọ̀nà méjèèjì ń tọ́ka sí waya tàbí sí sáfà.

Ẹ yẹ waya wò ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù. Iná kékeré ẹnu waya ń ṣẹ́jú bí? Bí “ip link” bá gbé NO-CARRIER jáde, waya ti já, tàbí ohun tó so mọ́ lódìkejì ti kú. Ekú máa ń jẹ waya, eruku ọyẹ́ sì máa ń dí ẹnu rẹ̀. Èyí tí mo ń rí jù ni ti iná: wọ́n á so sáfà mọ́ ínfátà, wọ́n á so súwíìṣì, àpótí tí gbogbo waya já sí, mọ́ iná NẸ́PÀ. Bí wọ́n bá mú iná, sáfà wà láàyè, súwíìṣì ti kú, gbogbo èèyàn á sì máa bú sáfà. Ẹ so méjèèjì mọ́ ibì kan náà.

ONÍLẸ̀ MÉJÌ LÓRÍ ILẸ̀ KAN

Èsì kẹta ló ń gba èèyàn lákòókò jù: ẹ̀rọ rí àdírẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ni. Tiyín jẹ́ 192.168.10, tirẹ̀ jẹ́ 192.168.1. Onílẹ̀ mìíràn ti wọlé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Láàárọ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta á ṣiṣẹ́, méjì á kọ̀. Lọ́sàn-án, àwọn méjì yẹn á jí, òmíràn á kọ̀. Mo pààrọ̀ waya, mo tún gbogbo sáfà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì lọ síbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, torí àwọn ìyá tó ru ẹrù wá ní láti padà sílé láìgba owó. Ọjọ́ kẹta ni mo tó wo ìlà kan tí ipconfig gbé jáde, ìlà DHCP Server. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti sáfà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé ráútà onísímù wá láti ilé kí fóònù lè rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ki waya rẹ̀ bọ súwíìṣì. Mi ò bá a wí, ìrànlọ́wọ́ ló fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n irú ráútà bẹ́ẹ̀ ń pín àdírẹ́ẹ̀sì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá. Ẹ̀rọ tó bá ké, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló sábà máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń kọ̀ fi ń yí padà.

Láti mú irú onílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ èyí lórí Linux, kí ẹ fi orúkọ ojú waya tiyín, èyí tí ip addr gbé jáde, rọ́pò enp3s0:

sudo tcpdump -n -e -i enp3s0 port 67 or port 68

Lórí ẹ̀rọ tó ń jìyà gan-an ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn onílẹ̀ kejì sábà máa ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ké, súwíìṣì kò sì ní gbé e gba ọ̀dọ̀ sáfà, ẹ lè jókòó tì í títí kí ẹ má rí nǹkan kan. Bí ìdáhùn bá ti ọ̀dọ̀ ẹni méjì wá, ẹ yọ waya súwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀kan nínú wọn á fi dákẹ́. Tí ẹ bá ṣì nílò ráútà náà, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì kan nínú ìdílé tiyín.

NÍDÌÍ SÁFÀ

Bó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tó dáhùn rárá, ó kan sáfà. Lórí Debian àti Ubuntu, oríṣi Linux méjì tí ètò pínpín náà ń jẹ́ isc-dhcp-server, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀:

systemctl status isc-dhcp-server
journalctl -u isc-dhcp-server

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ tó padà ni “No subnet declaration for enp3s0 (no IPv4 addresses)”. Ó túmọ̀ sí pé ìgbà tí iṣẹ́ pínpín fẹ́ bẹ̀rẹ̀, sáfà fúnra rẹ̀ kò ní àdírẹ́ẹ̀sì. Onílẹ̀ kì í ya ilẹ̀ ara rẹ̀: ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà sínú sáfà. Bó bá ti ní i, á jẹ́ pé sáfà ló jí ṣáájú súwíìṣì. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ “sudo systemctl edit isc-dhcp-server”, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀, kó lè máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i:

[Service]
Restart=on-failure
RestartSec=10

Ó tún lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ káàdì nẹ́tíwọ̀kì, orúkọ ojú waya sì ti yí padà kúrò ní eth0. Ẹ ṣàtúnṣe ìlà INTERFACESv4 nínú /etc/default/isc-dhcp-server. Bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ètò láìpẹ́, ẹ jẹ́ kí sáfà fúnra rẹ̀ kà á:

sudo dhcpd -t -cf /etc/dhcp/dhcpd.conf

Á sọ ìlà tí àṣìṣe wà. Àmì “;” tí wọ́n gbàgbé lópin ìlà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ tẹ “df -h” pẹ̀lú: bí dísìkì bá kún, sáfà kò ní ríbi kọ orúkọ àwọn tó yá ilẹ̀ sí. Kí ẹ sì tẹ “date”. Bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, CR2032, máa ń kú lọ́dọ̀ wa níbí tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Sáfà á jí pẹ̀lú ọdún tó ti kọjá, kò sì ní mọ ẹni tí àkókò rẹ̀ ti pé.

Bí ẹ bá rí “no free leases”, ilẹ̀ ti tán. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá gbé fóònù wọlé. Bí ibi tí ẹ là sílẹ̀ bá jẹ́ láti 100 dé 150, ilẹ̀ 51 péré ni. Ẹ fẹ̀ ẹ́ nínú /etc/dhcp/dhcpd.conf, kí ẹ sì dín àkókò kù:

subnet 192.168.10.0 netmask 255.255.255.0 {
  range 192.168.10.100 192.168.10.199;
  option routers 192.168.10.1;
  default-lease-time 14400;
  max-lease-time 28800;
}

Ìṣẹ́jú àáyá ni nọ́ńbà àkókò yẹn. 14400 jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ìdí òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ máa ṣí kiri, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ 100.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé sáfà kalẹ̀, kó mọ̀ pé ISC, àwọn tó ṣe dhcpd, ètò pínpín tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní òpin 2022. Ètò mìíràn tó ń jẹ́ Kea ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Fún ilé tàbí ọ́fíìsì tí kò ju yàrá méjì lọ, ètò kékeré tó ń jẹ́ dnsmasq tó, ó sì rọrùn láti kọ́. Nílé tí kò sí sáfà, ráútà ni onílẹ̀, àyẹ̀wò 169.254 àti ti onílẹ̀ méjì sì bá a mu láìyọ nǹkan kan kúrò.

Bí ẹ bá wá fẹ́ pe ẹni tó mọṣẹ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ fóònù: àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ìlà DHCP Server bó bá wà níbẹ̀, àti ìlà mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú journalctl. Ẹ kà á fún un bó ṣe wà gan-an, ẹ má sọ pé “nẹ́tíwọ̀kì kò lọ”.