Bí bíréèkì iwájú alùpùpù mi ṣe le padà

Ọwọ́ bíréèkì iwájú ń rọ̀ wọlé títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin ìdarí kí ó tó mú táyà. Páàdì ṣì nípọn, epo kò sì jò níbì kankan. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, á le díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú páìpù bíréèkì nìyẹn: epo bíréèkì kò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ṣeé fún pọ̀.

Mo da epo bíréèkì tuntun, irú tí wọ́n ń pè ní DOT 4, sínú agolo òkè, mo ki rọ́bà tín-ín-rín bọ nọ́ọ̀tì kékeré ara kálípà (irin tó di páàdì mú), mo sì ri ẹnu kejì sínú epo nínú ìgò. Ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì, ẹ dì í mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ dè é padà kí ẹ tó jọ̀wọ́ ọwọ́ bíréèkì náà. Ẹ má jẹ́ kí epo òkè gbẹ o, afẹ́fẹ́ mìíràn á wọlé!

Ìhó jáde, síbẹ̀ ó ṣì rọ̀. Òkè ni èyí tó kù sá pamọ́ sí, níbi bóòtì tó so páìpù mọ́ agolo, nítorí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo fi okùn so ọwọ́ bíréèkì mọ́ irin ìdarí mọ́jú. Nígbà tí mo tú u lówùúrọ̀, tí mo ń gbá páìpù jẹ́jẹ́, ìhó kéékèèké gòkè wá. Ó ti le gan-an báyìí.

Tí epo yìí bá kán sára alùpùpù, ẹ fi omi ṣàn án kíá. Ó máa ń bó ọ̀dà.